Ewé Tí Mo Sá ní Ilẹ̀ Yìnyín

Ẹ jọ̀wọ́, kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé kọ. Kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo wà tí bàbá mi fi kú. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ ẹni tó ní ká hun ẹní fún òun lọ, àti gígùn ẹní náà. Bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe nínú ọkàn yín.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n jáde wá sọ bí ìrìn-àjò náà ṣe rí. Mo jáde. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run. Mo lọ, mo sì bọ̀. Ọlọ́run ṣeun." Mo bá padà lọ jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Fúnmi, ṣé gbogbo ọkọ̀ òfurufú tó gbé ẹ lọ náà nìyẹn?" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú mi. Òun ni mo wá jókòó kọ yìí. Ẹni tó bá lè kà á, kó ka á fún ẹni tí kò lè kà.

Ìdí tó fi jẹ́ èmi ni mo lọ

Àwa tí à ń hun ẹní ní Ògòtún mọ̀ pé bí a tilẹ̀ ń pè é ní ewé ẹní, kì í ṣe ewé gan-an la fi ń hun ún. Ọ̀pá rẹ̀ ni. A ó là á, a ó bó inú rẹ̀ kúrò, a ó rẹ ẹ́ sínú omi kó lè rọ̀, lẹ́yìn náà a ó sá a sóòrùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kó lò nínú omi. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ nìyẹn. Nítorí náà, ní àdúgbò wa, bí o bá ń kọjá lọ tí o rí ewé ẹlòmíràn tó ti pé ọjọ́ nínú omi, tí olúwa rẹ̀ kò sí nílé, o kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wàá kó o jáde, wàá bá a sá a, wàá máa bá tìẹ lọ. O kò sì ní sọ pé ìwọ lo ṣe é. Ẹni tó bá ń sọ ọ́, wọ́n á ní ó ń wá ìyìn. Ẹni tó ni ewé á ti oko dé, á bá a lóòrùn, inú rẹ̀ á dùn, ó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló kó mi sí ìyọnu.

Àǹtí Bọ́lá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó fẹ́ ará Ìkẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń kàwé ní ilẹ̀ Finland. Bí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ṣe yé mi nìyí: gbogbo igi, gbogbo ewé, títí dórí èèpo kòkó tí à ń dà nù lóko, fọ́nrán ló di ara wọn mú. Bí èèyàn bá ya fọ́nrán náà, tó tún un ya, tó ń ya á títí ojú kò fi lè rí i mọ́, ó lè tò ó padà kó di awọ kan tó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ. Awọ náà fúyẹ́, ó sì le, ṣùgbọ́n ihò ló kún ara rẹ̀. Ihò náà kéré débi pé omi á kọjá, ìdọ̀tí inú omi kò ní kọjá. Àǹtí ní wọ́n lè fi sẹ́ omi mímu, wọ́n lè fi bo ojú egbò kí egbò náà lè máa mí, wọ́n lè fi ṣe ìbòmú, kódà wọ́n ń gbìyànjú láti fi sínú bátìrì fóònù. Igi ilẹ̀ wọn ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe é. Àǹtí ní òun fẹ́ fi ewé ẹní Ògòtún ṣe tòun.

Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n là. Ó gbìyànjú níbẹ̀, ìyá mi sì ń wò ó lórí fóònù.

"Bọ́lá, ṣé ò ń là á ni àbí ò ń bá a jà?" ni ìyá mi ń sọ. "Wo ọwọ́ ẹ! Ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ìwé nìkan lẹ mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di pé kí ìyá mi lọ lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wọn, kó lọ là á fún wọn. Orúnkún ìyá mi kò jẹ́. Ó ní, "Fúnmi ni kó lọ. Ó mọ̀ ọ́n là jù mí lọ. Kò sì ní fi ẹnu dá ìjà sílẹ̀ ní ulé onílé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi kì í tilẹ̀ dá nǹkan kan sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọn kì í ti í kíra

Imú mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a ti dé. Bí mo ṣe fa èémí àkọ́kọ́ níta, ó dà bíi pé mo fi imú mu omi tútù. Àǹtí ti mú kóòtù ńlá kan wá pàdé mi. Ó dì mí sínú rẹ̀ bí ẹni ń di mọ́ínmọ́ín, ó ní, "Fúnmi, mí díẹ̀díẹ̀."

Yìnyín wà níbi gbogbo, ó funfun, kò sì pariwo. Ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ló ń dún lórí rẹ̀. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni àpáta. Láàrin ilé sí ilé, wàá rí àpáta tó yọrí látinú ilẹ̀, wọn kò fọ́ ọ, wọ́n kàn kọ́lé yí i ká. Kò tó ti Ìkẹ́rẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo kí i nínú ọkàn mi.

Èmi nìkan ni mo ń kí nǹkan níbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, àárín ẹnìkan sí èkejì tó ìbú ẹní méjì. Kò sí ẹ kú òtútù, kò sí ẹ kú ìdúró. Ọkùnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ fún ìdajì wákàtí, kò wo ojú mi, nígbà tó fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, ó kàn bọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kí n lè mọ̀ pé ó fẹ́ kọjá. Mo rò pé wọ́n ń bínú. Mo bi Àǹtí léèrè.

"Wọn kò bínú," ni Àǹtí wí. "Wọn kò fẹ́ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu ni."

Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Láti kékeré ni wọ́n ti ń bi mí nílé pé ta ló ran ẹnu mi. Àwọn àbúrò bàbá mi á ní, "Ọmọ yìí, ṣé o ń ṣàìsàn ni?" Èmi tí mo jẹ́ odi nílé wá di èèyàn bíi ti gbogbo ayé níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kan wo ojú mi ní ibi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, èmi náà mi orí. Mo lọ sọ fún Àǹtí pé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́.

Búrẹ́dì wọn dúdú, ó le, ó kan bí ẹ̀kọ ọjọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ sú mi, nígbà tó yá n kò fẹ́ òmíràn mọ́. Wọ́n ń fi mílíìkì se ọbẹ̀ ẹja. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe "ẹ̀hn!" báyìí, èmi náà ṣe é, ṣùgbọ́n ẹja náà sanra, kò sì ní egungun, mo fi ìka nu abọ́. Lọ́jọ́ kan Àǹtí rí uṣu rà, kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. A fi ìdí ìgò gún un níyán nínú ìkòkò. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ fi ìwé pélébé há ẹnu ọ̀nà wa. Ó kọ ọ́ pé ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń tún ilé ṣe, ẹ bá wa sọ ìgbà tó máa parí.

Màmá Helmi

Nínú láàbù tí Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́, ìyá àgbàlagbà kan wà tí ń jẹ́ Helmi. Òun ni olùtọ́jú gbogbo abọ́ àti gbogbo awọ. Ó ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Orí rẹ̀ funfun, ó kéré bí ọmọdé, ó sì fi okùn gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí awọ kọ́ ọrùn. Gbogbo wọn níbẹ̀ ń pè é ní Helmi lásán, àti ọmọ kékeré àti ọ̀gá. Èmi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń pè é ní Màmá Helmi.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, òun náà bá kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ wá abẹ́ tábìlì. Ó rò pé nǹkan mi ló já sílẹ̀. Àwa méjèèjì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Àǹtí fi wọlé.

"Kí lẹ sọ nù?" ni Àǹtí béèrè.

Nígbà tí ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un, Màmá Helmi fọwọ́ bo ẹnu, ejìká rẹ̀ ń mì. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ó fún mi ní súùtì dúdú kan látinú àpò rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, iyọ̀ ni wọ́n fi ṣe súùtì náà! Iyọ̀ àti nǹkan kan tó rùn bí oògùn ikọ́. Àgbàlagbà ló fún mi, n kò lè tu ú. Mo gbé e mì, omi bọ́ lójú mi. Mo ní "kiitos", tí í ṣe "ẹ ṣé" lédè wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́. Ó rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ tí mo bá dé, súùtì méjì.

Bí èmi bá ti la ewé tán, òun á sè é pẹ̀lú oògùn títí á fi funfun bí òwú. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ kan á lọ̀ ọ́, á lọ̀ ọ́, á wá dà bí ògì tí kò tíì jinná. Wọ́n á dà á sórí asẹ́, omi á jò lọ, ohun tó kù lórí asẹ́ ni awọ náà, tútù, jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Màmá Helmi fi ọ̀kan tó ti gbẹ tí wọ́n fi igi ilẹ̀ wọn ṣe hàn mí. Ó fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe pé kí n fà á. Mo fà á. Ó ní kí n fà á dáadáa. Mo fi gbogbo agbára tí mo fi ń fa ẹní fà á, kò ya. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, bíi pé n kò gbé nǹkan kan ni. Mo mí lù ú, ó fò lọ.

Àwọn tó ń fi owó ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ń bọ̀ wá wò ó. Níwájú wọn ni wọ́n máa ti da omi ìdọ̀tí sórí awọ ewé Ògòtún, bó bá sẹ́ ẹ dáadáa, Àǹtí á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Awọ mẹ́jọ ni wọ́n ti ṣe sílẹ̀ de ọjọ́ náà.

Ọjọ́ tí oòrùn yọ

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Àǹtí ní kí n bá òun dé láàbù kí òun lọ mú ìwé. Ọ̀gá rẹ̀ pàdé wa, ó pè é sí ọ́fíìsì. Àǹtí ní kí n jókòó sínú láàbù kí n dúró de òun. Mo jókòó. Mo gbé báàgì lé itan.

Bí mo ṣe jókòó ni oòrùn yọ. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí a kò rí i. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ sórí dígí tó wà níbẹ̀, lókè irin tó ń mú ilé gbóná. Mo wo apá kejì, mo rí awọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nínú abọ́ pẹlẹbẹ, nínú omi. Mo kà á lórí ìka: Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Màmá Helmi kò sí níbẹ̀. Mo ní, ẹ gbà mí, ìyá yìí ti gbàgbé, ewé wa fẹ́ rà.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọ ọwọ́ mi, mo gbé awọ náà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun, mo sì tẹ́ wọn sórí dígí nínú oòrùn. Mo da omi nù, mo fọ abọ́, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àǹtí àti ọ̀gá rẹ̀ pẹ́. Nígbà tí awọ náà gbẹ, ó ń dán, ó mọ́ gaara débi pé mo rí ìka mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Mo rò pé ó ti dára sí i. Mo tò wọ́n sórí pẹpẹ Màmá Helmi, mo padà sórí àga, mo gbé báàgì lé itan. Àǹtí dé, ó ní, "O kò tilẹ̀ kúrò lójú kan!" A bá lọ sílé. N kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, inú mi ń dùn bí mo ṣe ń ro ojú Màmá Helmi nígbà tó bá dé ọ̀hún.

Kọ́kọ́rọ́

N kì í lọ sí láàbù lọ́jọ́ Ajé. Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí wọlé, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó sínú kíṣìnì.

"Awọ mi ti bàjẹ́," ó ní. "Gbogbo ẹ̀. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

Ó ṣàlàyé fún mi. Wọn kì í jẹ́ kí awọ náà gbẹ láti inú omi. Bí omi bá ń gbẹ lọ, á máa fa fọ́nrán mọ́ra wọn, gbogbo ihò á pa dé, awọ á wá dà bíi nylon lásán. Omi kì í kọjá nínú nylon. Wọ́n ní láti fi sípírítì rọ́pò omi náà díẹ̀díẹ̀ kó tó gbẹ, kí ihò lè dúró. Lọ́jọ́ Ajé yẹn gan-an ni Màmá Helmi ìbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípírítì sí i.

"Helmi ní ó dà bíi pé òun ni," ni Àǹtí wí. "Òun ló máa ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bóyá ọwọ́ òun ló kó o jáde tí ọkàn òun kò sí níbẹ̀, pé òun ti ń darúgbó. Ọ̀gá kò bá a wí o. Ó kàn na ọwọ́ sí i, Helmi bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn fún un. Fúnmi, ká ní o rí bí ó ṣe bọ́ ọ…"

Mo bá a bọ́ kóòtù, mo gbé e kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Àǹtí ló fọwọ́ sí ìwé pé n kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tí wọn kò bá ní kí n fọwọ́ kàn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Bí n kò bá sọ̀rọ̀, ìyá tó kúnlẹ̀ bá mi wá ohun tí n kò sọ nù, yóò fi ìtìjú parí iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tó burú jù ni pé kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ní Ògòtún, gbogbo ilé ni wọn ìbá ti béèrè ẹni tó ṣe é, ọ̀rọ̀ ìbá ti jáde lẹ́nu mi tipátipá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilẹ̀ náà tó ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, òun ló wá ń ràn mí lọ́wọ́ láti purọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá Àǹtí lọ. Wọ́n ń mu kọfí nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàbù, gbogbo wọn, ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Màmá Helmi jókòó sí ìparí tábìlì. Ọrùn rẹ̀ ṣófo. Ó rí mi, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú súùtì méjì jáde.

Ìyẹn ni n kò lè fara dà.

Mo lọ mú abọ́ pẹlẹbẹ. Mo bu omi sí i. Mo mú ọ̀pá ewé mẹ́ta tí mo ti là, mo rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ níwájú wọn lórí tábìlì kọfí. Mo ka ìka mẹ́ta fún wọn. Mo kó ewé náà jáde, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo tẹ́ ẹ. Mo lọ sí pẹpẹ, mo mú awọ tó bàjẹ́ náà, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ewé. Mo wá fi ọwọ́ lu àyà ara mi.

"Fúnmi, kí lò ń ṣe?" ni Àǹtí pariwo.

"Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Èmi ni. Kì í ṣe Màmá. Ní Sátidé, nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, èmi ni mo kó o jáde, èmi ni mo sá a. Mo rò pé ó ti pé ọjọ́ ni." N kò mọ̀ pé ohùn mi lè ròkè tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé ife kalẹ̀.

Àǹtí kò tíì túmọ̀ rẹ̀. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Lẹ́yìn náà ó túmọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́, torí ó ní láti sọ ti Ògòtún fún wọn, bí a ti ń sá ewé ẹni tí kò sí nílé. Mo gbọ́ orúkọ ìlú wa láàrin èdè wọn. Ọ̀gá náà béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní, ṣé ẹni tó ni ewé kì í bínú?"

"Inú rẹ̀ máa ń dùn ni, sà."

Ọ̀gá náà ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú Màmá Helmi, ó sì bu kọfí sí i ní ife fúnra rẹ̀. Màmá Helmi fi okùn náà bọ ọrùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún Àǹtí, ó ń wò mí.

"Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó bá òun ṣe iṣẹ́ òun rí láìjẹ́ pé òun bẹ̀ ẹ́." Àǹtí nu imú. "Ṣé ó tún ku nǹkan tí o fẹ́ sọ, kí n kúkú bá ẹ sọ ọ́ pọ̀?"

Mo rò ó. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n súùtì dúdú yẹn, n kò lè jẹ ẹ́ mọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ti ejìká, wọ́n fi ẹnu rín in. Ọ̀gá náà da kọfí sára ṣẹ́ẹ̀tì.

Awọ méjì

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Nígbà tí a délé, Àǹtí sọ pé, "O lè sọ fún mi nínú kíṣìnì lánàá. Èmi ni mo mú ẹ wá síbí." Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé kí n má jẹ́ kí òun náà máa wá nǹkan nílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dá wà nínú láàbù mọ́, ó sì tọ́.

Mo tún ewé là láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Màmá Helmi fi ọwọ́ mi sínú ìbọ̀wọ́, ó sì jẹ́ kí èmi fúnra mi da sípírítì sí awọ tuntun, díẹ̀díẹ̀, òun dúró lẹ́yìn mi. Awọ méjì péré ló yá kí àlejò tó dé. Omi yìnyín tó ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni wọ́n bù wá. Ọ̀kan ya. Àǹtí di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ inú ara mi. Èkejì dúró. Omi ń kán sísàlẹ̀, tó, tó, ó mọ́ bí omi òjò tí a gbà láti orí páànù tuntun. Ẹrẹ̀ jókòó lókè. Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Wọ́n ní kí Àǹtí máa bá a lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Màmá Helmi mú wa lọ sí ilé rẹ̀, sínú yàrá igi kan tí wọ́n ń dá iná sí, tí wọ́n ń jókòó sí láti làágùn. Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ ibẹ̀, obìnrin pẹ̀lú obìnrin. Èmi kò jẹ́ bọ́ ìró mi. Mo jókòó nínú ooru náà bí ẹja tí wọ́n ń yan, ó sì jọ ilé. Kí n tó lọ, ó fún mi ní ọ̀kan nínú awọ mẹ́jọ tó bàjẹ́, ó fi ìwé wé e. Àǹtí ní Màmá ní ìyẹn kò lè sẹ́ omi, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tó dán tó bẹ́ẹ̀.

Ulé

Bí mo ṣe rí àpáta Ìkẹ́rẹ́ láti inú ọkọ̀, mo mọ̀ pé ara mi ti dé. A gba Ìgbàrà-Odò kọjá, ilẹ̀ pupa, eruku, kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ní ìdíkọ̀, kí n tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, èèyàn mẹ́rin ti kí mi, wọ́n ti béèrè ohun tí mo mú bọ̀, wọ́n sì ti sọ pé mo rù. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọmọ mi dé ulé!" Ó di orí mi mú, ó ń yí i bí ẹni ń wo ìkòkò bóyá ó sán.

Mo fún un ní awọ náà. Ó gbé e sóòrùn, ó wò mí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ fà á. Ó fi eyín fà á.

"Ewé wa ni wọ́n fi ṣe èyí?"

"Ewé wa ni, mà."

"Ta ló sá a?"

Mo ní, "Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde láti lọ bu omi. Lẹ́yìn ilé Ìyá Dúpẹ́, aládùúgbò wa, mo rí ewé nínú agbada omi. Mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ti rọ̀, ó ti pé ọjọ́. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn, ó ti lọ oko. Oòrùn ti yọ.

Mo gbé garawa mi kalẹ̀. Mo kó ewé náà jáde, mo sá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí àpáta. Nígbà tí mo parí, n kò bá tèmi lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Dúpẹ́, mo gbé ọwọ́ lé itan, mo sì dúró dè é kó ti oko dé, kí n lè sọ fún un pé èmi ni.